Ìtàn Bí Ṣómólú Ṣe Di Ìlú Àwọn Atẹ̀wé

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní bí òní ti rí, ọ̀la kì í rí bẹ́ẹ̀, òun ni babaláwo ṣe ń dÍfá ọrọọrún. Ẹni tí ó bá fẹ́ fi ojú ara rẹ̀ rí òtítọ́ òwe yìí ní Èkó Àkéte, ilé ọgbọ́n, kí ó gba Ọ̀nà Ìkòròdú lọ, kí ó sọ̀ kalẹ̀ ní Onípánù, kí ó sì fẹsẹ̀ rìn wọ Ṣómólú ní òwúrọ̀ ọjọ́ iṣẹ́. Kí ojú rẹ̀ tó rí ilé ìtẹ̀wé kankan, etí rẹ̀ yóò ti gbọ́ ìró ẹ̀rọ tí ń ké gbì-kẹ́, gbì-kẹ́, bí ìgbà tí àwọn obìnrin ń gúnyán ìyàwó, imú rẹ̀ yóò ti gbóòórùn tàdáwà pọ̀ mọ́ ti kẹrosíìnì tí wọ́n fi ń nu ẹ̀rọ, àwọn aláàrù tí ó ru ìdì pépà yóò sì máa ké "Àgò o!" lẹ́yìn rẹ̀ kí ó lè yà fún wọn lọ́nà. Láti òpópónà Bajulaiye dé Shipeolu, dé Oguntolu, títí dé ibi tí Ṣómólú gbé fara kan Bàrígà, bí a ti ń rí atẹ̀wé nílẹ̀ ni a ń rí i lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, nínú gáréèjì, lábẹ́ àtẹ̀gùn, àti nínú yàrá tí ẹlòmíràn ìbá fi ṣe ilé ìdáná.

Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni mo fẹ́ fi ìtàn ibẹ̀ yìí sọ. Ọ̀nà tuntun tí ọmọ ènìyàn ń gbà tan ọ̀rọ̀ kálẹ̀ kì í sábà pa èyí tí ó bá nílẹ̀. Lílé ni ó ń lé e dìde lórí àga, èyí àtijọ́ a sì palẹ̀ mọ́, a lọ wá iṣẹ́ mìíràn ṣe. Ṣómólú ni ibi tí ó ń palẹ̀ mọ́ lọ.

Kí pépà tó dé, ilẹ̀ Yorùbá kò yadi. Akéde a máa lu agogo yí ìlú ká lálẹ́, nígbà tí àgbẹ̀ bá ti oko dé, a sì máa jẹ́ iṣẹ́ ọba fún tọmọdé tàgbà. Ẹni tí ó bá jìnnà, àrokò ni a ń fi ránṣẹ́ sí i: bí ọ̀dọ́mọkùnrin bá so owó ẹyọ mẹ́fà pọ̀ ránṣẹ́ sí ọmọge, ọmọge náà mọ̀ pé ọkàn rẹ̀ fà sí òun, nítorí ẹfà kò ṣàìfa nǹkan, bí òun náà bá sì fi mẹ́jọ dá a lóhùn, ọ̀rọ̀ ti jọ. Ìlù pẹ̀lú ń sọ̀rọ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé bí òwe bí òwe ni à ń lùlù ògìdìgbó, ọlọ́gbọ́n ní í jó o, ọ̀mọ̀ràn ní í sì í mọ̀ ọ́n. Àléébù kan ni gbogbo wọn ní: ọ̀rọ̀ tí akéde kan bá ké ní ìsàlẹ̀ ìlú lè ti fi díẹ̀ dín tàbí kí ó fi díẹ̀ lé kí akéde kejì tó ké e dé òkè ìlú. Ohun tí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé gbé wá nìyẹn, pé ọ̀rọ̀ kan náà lè dé ọwọ́ ẹgbẹ̀rún ènìyàn láìsí pé wúńrẹ́n kan yẹ̀ nínú rẹ̀.

Ní ilẹ̀ Jámánì, ní ìlú Mainz, ni Johannes Gutenberg ti rọ lẹ́tà onírin tí a lè tò, tí a lè tú, tí a sì lè tún tò, tí ó fi tẹ Bíbélì ní nǹkan bí 1455. Ó lé ní 390 ọdún lẹ́yìn rẹ̀ kí irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ tó gúnlẹ̀ sí Kàlàbá, ní 1846, lọ́wọ́ àwọn míṣọ́nnárì ìjọ Presbyterian. Ní 1854 Àlùfáà Henry Townsend gbé tirẹ̀ kalẹ̀ ní Abẹ́òkúta. Nígbà tí ó sì di 1859, ó tẹ Ìwé Ìròhìn fún Àwọn Ará Ẹ̀gbá àti Yorùbá jáde, tí wọ́n ń tà ní 120 owó ẹyọ. Ẹ jẹ́ kí á kíyè sí ohun tí ó ṣẹlẹ̀ níbẹ̀: owó ẹyọ tí a ti ń fi pàrokò tẹ́lẹ̀ ni a wá ń fi ra ìwé ìròyìn. Ṣùgbọ́n nígbà tí ìjà àárín ìlú àti òyìnbó Èkó di rannto, tí Ìfọ́lé ọdún 1867 dé, àwọn ará ìlú lé míṣọ́nnárì jáde, wọ́n sì ba ẹ̀rọ náà jẹ́ pẹ̀lú.

Okùn kan wà tí ó so ọdún 1859 yìí mọ́ Bàrígà. Ní ọjọ́ kẹfà oṣù Kẹfà ọdún náà, Àlùfáà Thomas Babington Macaulay ṣílẹ̀kùn CMS Grammar School ní Èkó, akẹ́kọ̀ọ́ 6 péré ni ó sì fi bẹ̀rẹ̀. £50 tí Ọ̀gá ọkọ̀ ojú omi James Pinson Labulo Davies fi tọrẹ ni wọ́n fi ra ìwé àti ohun èlò. Abigail, ọmọ Àjàyí Crowther tí ó jẹ́ òpómúléró nínú títú Bíbélì sí èdè Yorùbá, ni Macaulay fi ṣaya, àwọn méjèèjì ni wọ́n sì bí Herbert Macaulay, ẹni tí ìwé ìròyìn Lagos Daily News di ohun ìjà lọ́wọ́ rẹ̀ láti fi bá ìjọba òyìnbó jà. Nígbà tí ilé ẹ̀kọ́ náà pé 100 ọdún, ní 1959, ó kó kúrò ní Erékùṣù Èkó wá sí Bàrígà. Àwọn tí ó bá ń sọ pé ìwé mímọ̀ jẹ́ àjòjì sí ìhà ibẹ̀, ẹ sọ fún wọn pé ilé ẹ̀kọ́ girama tí ó dàgbà jù ní Nàìjíríà ni ó ń lu agogo ìwé létí wọn láràárọ̀.

Lẹ́yìn Ìfọ́lé, Èkó ni iṣẹ́ ìwé ìròyìn fìdí múlẹ̀ sí. Robert Campbell, ọmọ Jàmáíkà, ti gbé Anglo-African jáde níbẹ̀ láti 1863. Richard Beale Blaize tẹ̀ lé e pẹ̀lú Lagos Times ní 1880. Ṣùgbọ́n èdè òyìnbó ni púpọ̀ nínú wọn ń sọ, títí di ìgbà tí àwọn ọmọ Yorùbá dìde ní ẹ̀wádún 1920, tí Adéoyè Dẹ́nìgà gbé Eko Akete kalẹ̀ ní 1922, tí E. A. Akíntàn gbé Eleti Ofe kalẹ̀ ní 1923, tí I. B. Thomas sì gbé Akede Eko kalẹ̀ ní 1928. Bí a bá wo orúkọ ìwé Thomas yìí dáadáa, a ó rí i pé akéde onígogo kò kú rárá. Aṣọ tuntun ni ó wọ̀, ó sì ń rìn láàárín ìlú lórí pépà. Nínú ìwé yẹn náà ni Thomas gbé ti ń kọ ìtàn Ṣẹ̀gilọlá ẹlẹ́yinjú ẹgẹ́ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ láti 1929 di 1930, bí ẹni pé obìnrin kan ni ó ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ lẹ́tà sí i, tí àwọn òǹkàwé sì ń kọ èsì padà.

Iṣẹ́ àṣelàágùn ni títò lẹ́tà nígbà náà. Ẹni tí ó ń tò ó a dúró ti àpótí onígunmẹ́rin tí lẹ́tà òjé kún inú rẹ̀, a máa ṣà wọ́n níkọ̀ọ̀kan, a sì máa tò wọ́n sẹ́yìn-sẹ́yìn bí ẹni ń kàwé nínú dígí. Èdè Yorùbá sì ń fún un ní iṣẹ́ ju ti òyìnbó lọ, nítorí pé èdè wa ní àmì lókè, ó ní ti ìsàlẹ̀. Ó dùn mí láti sọ pé ọ̀ràn yìí kò tíì tán títí di òní: ọ̀dọ́mọdé tí ó jókòó ti kọ̀ǹpútà ní Ṣómólú ṣì ń kọ "oko" láìfi àmì sí i, kí òǹkàwé fúnra rẹ̀ mọ̀ bóyá ọkọ ìyàwó ni, tàbí oko àgbẹ̀, tàbí ọkọ́ tí a fi ń ro ilẹ̀.

Ní ọjọ́ kìíní oṣù Kejìlá ọdún 1935, àpótí kan tí wọ́n so mọ́ wáyà bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ lára ògiri ilé àwọn kan ní Èkó. Àwọn Yorùbá wò ó títí, wọ́n rí i pé bí o bá kí i, kò ní jẹ́ ọ, bí o bá bú u, kò ní bínú, ni wọ́n bá sọ ọ́ ní asọ̀rọ̀mágbèsì. Ìwé ìròyìn kò tìtorí rẹ̀ wọlẹ̀. Ọdún méjì péré lẹ́yìn náà, ní oṣù Kọkànlá 1937, ni Nnamdi Azikiwe gbé West African Pilot jáde ní Yábàá, tí kò ju ìrìn kúkúrú lọ sí Ṣómólú.

Báwo wá ni iṣẹ́ yìí ṣe wọ Ṣómólú? Ìdásílẹ̀ tí à ń wí yìí kò ní òkúta ìpìlẹ̀ tí gómìnà kan ṣí aṣọ lójú rẹ̀. Ipò tí ilẹ̀ náà wà ni ó fà á. Yábàá wà ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kan, níbi tí wọ́n ti ń tẹ ìwé ìròyìn. Ọ̀nà Ìkòròdú gba ìhà kejì rẹ̀ kọjá. Ní òdìkejì ọ̀nà náà ni Ìlúpéjú wà, níbi tí ilé iṣẹ́ ńláńlá pọ̀ sí, tí a sì dá Academy Press sílẹ̀ ní 1964. Ní ìhà ọ̀sà, Yunifásítì Èkó, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 1962, fìdí kalẹ̀ sí Akọka, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àti olùkọ́ rẹ̀ kò sì lè ṣe kí wọ́n má wá ẹni tí yóò di ìwé fún wọn. Ilé kò wọ́n ní Ṣómólú àti Bàrígà bí ti Erékùṣù, èyí tí ó mú kí ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba fíríìdọ̀mù lọ́wọ́ ọ̀gá rẹ̀ lè gba yàrá ìsàlẹ̀ kan, kí ó gbé ẹ̀rọ kan sí i, kí ó sì gba ọmọ iṣẹ́ ti ara rẹ̀. Bí ọmọ ṣe ń di ọ̀gá, tí ọ̀gá ń bí ọmọ, bẹ́ẹ̀ ni ilé ìtẹ̀wé ń bí ilé ìtẹ̀wé, títí tí gbogbo àdúgbò fi di ti atẹ̀wé.

Ẹ̀rọ tí wọ́n ń lò yàtọ̀ sí ti Townsend. Òṣèré àti òǹkọ̀wé eré kan ní ilẹ̀ Jámánì, Alois Senefelder, ni ó ń wá ọ̀nà tí kò ní ná an lówó púpọ̀ láti tẹ eré rẹ̀ ní nǹkan bí 1796, tí ó fi ṣàkíyèsí pé epo kì í bá omi rẹ́: ibi tí a bá fi nǹkan ọlọ́ràá kọ lára òkúta yóò gba tàdáwà, ibi tí omi bá wà yóò kọ̀ ọ́. Nígbà tí ó di ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún, Ira Rubel ní Amẹ́ríkà rí i pé bí tàdáwà bá kọ́kọ́ gba ara rọ́bà kọjá kí ó tó kan pépà, iṣẹ́ náà a mọ́ jù. Ohun tí Kord àti GTO ń ṣe ní Ṣómólú nìyẹn, àwọn ẹ̀rọ Heidelberg tí orúkọ wọn rọ ọmọ iṣẹ́ lẹ́nu ju orúkọ ìbátan rẹ̀ lọ. Púpọ̀ nínú wọn ni ó jẹ́ tòkunbọ̀: òyìnbó ti lò wọ́n gbó, ó ti ra tuntun, ó sì ti tà wọ́n dànù. Bí ọmọdé bá ní aṣọ tó àgbà, kò lè ní àkísà tó àgbà. Ẹ̀rọ tí ó ti rí ogójì ọdún ní ilẹ̀ òtútù a gúnlẹ̀ sí èbúté Àpápá, àwọn mẹkáníìkì ìtẹ̀wé a tú u, wọ́n a rọ ẹ̀yà tí ó bá kù níbẹ̀, ẹ̀rọ náà a sì tún ayé rẹ̀ bẹ̀rẹ̀.

Kì í ṣe ilé kan ni ó ń parí iṣẹ́ kan. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, tàgbà kò wọ kèrègbè. Ẹni tí ó bá fẹ́ tẹ kàlẹ́ńdà a kọ́kọ́ lọ jókòó ti ayàwòrán orí kọ̀ǹpútà, tí yóò fi CorelDRAW to fọ́tò baba ọlọ́jà sí àárín. Láti ibẹ̀ iṣẹ́ a lọ sí ọ̀dọ̀ ẹni tí ń ṣe pléètì, nítorí àwọ̀ mẹ́rin ni a fi ń bí gbogbo àwọ̀, pléètì kan fún búlúù, kan fún pupa, kan fún yẹ́lò, kan fún dúdú. Olówó pépà wà lọ́tọ̀, ẹni tí ń gé e wà lọ́tọ̀, alẹ́rọ wà lọ́tọ̀. Ẹni tí ń fi ọ̀rá dídán bo ojú rẹ̀ ń gbé ní òpópónà kejì, ẹni tí yóò sì fi irin tẹ́ẹ́rẹ́ sí i lórí kí ó lè rọ̀ mọ́ ògiri ń dúró dè é. Kẹ̀kẹ́, orí aláàrù àti ọmọlanke ni ó so gbogbo wọn pọ̀ di ilé iṣẹ́ ńlá kan tí kò ní ògiri, tí kò sì ní máníjà.

Nípa báyìí ni Ṣómólú fi ń tẹ ohun tí ìwé ìròyìn ńlá kò ráyè fún: ìwé ètò ìsìnkú tí ó ní ìtàn ìgbésí ayé màmá nínú, káàdì ìyàwó, ìwé rìsíìtì, ìwé orin ìjọ, àlùmánáàkì ẹgbẹ́ aláṣọ-ẹbí, àti póósítà àwọn olóṣèlú tí í jẹ́ kí àdúgbò náà fi òru ṣe ọ̀sán nígbà ìbò. Nígbà tí ìwé àtìgbàdégbà Àtọ́ka bẹ̀rẹ̀ ní 1967 láti Ìlúpéjú, tí ó ń fi fọ́tò àti ọ̀rọ̀ ẹnu sọ eré àwọn òṣèré tíátà Yorùbá, ìwé ni ó ya eré orí ìtàgé lò. Tẹlifíṣọ̀n ti dé Ìbàdàn láti 31 oṣù Kẹwàá ọdún 1959, ó ń gbé eré náà wọlé. Lẹ́yìn rẹ̀ ni fídíò wá, tí àwọn òṣèré ń tà nínú páálí. Ẹni tí ó bá rò pé àwòrán tí ń rìn yóò lé pépà lọ gbàgbé pé páálí fídíò nílò àwòrán lójú, eré sì nílò póósítà lára ògiri. Aláròyé náà, tí Àlàó Adédayọ̀ gbé dìde, tí ó ṣubú, tí ó sì fẹsẹ̀ múlẹ̀ nígbẹ̀yìn ní 1996, fi hàn pé ìwé ìròyìn èdè Yorùbá ṣì lè rí ẹni rà á nígbà tí àwọn kan ti ń gbẹ́ sàréè rẹ̀.

Ìdánwò tí ó le jù ni fóònù alágbèéká GSM, tí ó wọ Nàìjíríà ní 2001. Èyí kì í ṣe asọ̀rọ̀mágbèsì. Agbèsì ni, ó tilẹ̀ ń gba èsì ju bí ó ti yẹ lọ. Káàdì ìyàwó tí a ń tẹ̀ ní ẹgbẹ̀rún ti di àwòrán tí a ń fi WhatsApp pín. Orin Ọlámìdé, ọmọ Bàrígà, kò nílò páálí síídì mọ́ kí ó tó dé Lọ́ńdọ̀nù. Síbẹ̀, ẹni tí ń yàwòrán káàdì orí fóònù náà ni ó ń yà á tẹ́lẹ̀, ó ṣì jókòó sí Ṣómólú. Obìnrin tí ń ta ọṣẹ dúdú lórí Instagram sì nílò ìlébà, ọ̀rá àti páálí tí orúkọ rẹ̀ wà lára rẹ̀. Ní Bàrígà kan náà ni Crown Troupe of Africa, ẹgbẹ́ oníjó àti òṣèré tí Ṣẹ́gun Adéfilá dá sílẹ̀ ní 1996, gbé gbó: ìlù àti ẹsẹ̀, ohun tí a fi ń sọ̀rọ̀ kí Townsend tó dé, kò tíì fẹ̀yìn tì.

N kò wá fi orin ìyìn bo àbùkù mọ́lẹ̀. Ariwo jẹnẹrétọ̀ àti èéfín rẹ̀ ń pọ́n àwọn tí ń gbé àdúgbò náà lójú. Púpọ̀ nínú pépà wa ni ó ń ti òkè òkun wá, nítorí pé ilé iṣẹ́ pépà Jẹ́bà, ti Ìwópìn àti ti Oku Iboku kò bọ́ wa bí a ti retí, nítorí náà bí dọ́là bá ti fò, owó iṣẹ́ a fò tẹ̀ lé e. Ẹ̀rọ tí ń tẹ ìwé orin sì lè tẹ ìwé tí a jí lọ́wọ́ ẹni tí ó kọ ọ́. Olè ìwé ti ba ọ̀pọ̀ òǹkọ̀wé wa nínú jẹ́, ó sì yẹ kí àwọn atẹ̀wé olóòótọ́ máa dá a lẹ́kun kí ọ̀rọ̀ náà tó di ti ọlọ́pàá.

Àbùkù kan wà tí ó dùn mí ju gbogbo ìwọ̀nyí lọ. Àdúgbò tí ó ń tẹ ìrántí gbogbo ènìyàn kò tọ́jú tirẹ̀. Ìwé ètò ìsìnkú tí a tẹ̀ níbẹ̀ láàárín ọdún kan péré ní orúkọ, ìran, oríkì àti fọ́tò nínú tí onítàn kan kò lè fi gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀ kó jọ. Bí òkú bá sì ti wọlẹ̀ tán, àkàrà ni a ń fi wọ́n pọ́n. Òfin Ilé Ìkówèésí Àpapọ̀ ti wà láti 1970, ó sì sọ pé kí ẹni tí ó bá gbé ìwé jáde fi ẹ̀dà 3 ránṣẹ́ síbẹ̀. Ọ́fíìsì rẹ̀ kan wà ní Yábàá, lójú ọ̀nà tí ó ń jẹ́ orúkọ Herbert Macaulay. Ẹ̀yin ọ̀gá atẹ̀wé Ṣómólú àti Bàrígà, àti ẹ̀yin tí ẹ ń gbé iṣẹ́ wá fún wọn, mo bẹ̀ yín: nínú iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan tí ó bá tú lórí ẹ̀rọ, ẹ mú ẹ̀dà kan sí ẹ̀gbẹ́ kan kí a tó di ìyókù, ẹ kọ ọjọ́ sí i lẹ́yìn, ẹ sì tọ́jú rẹ̀ sínú páálí tí òjò kò lè pa. Bí páálí náà bá kún, ọkọ̀ kan péré ni ó kù sí Yábàá.